Ọbẹ̀ Ọ̀pẹ̀yìnbó Tiwaladé

"Kí lẹ fi sí i?" ni Fọláránmi bi Tiwaladé, ọmọbìnrin tó ń ta ọbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà bu ọbẹ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó sórí sùyà rẹ̀, ó fi ṣíbí kan náà bu òmíràn sórí kéèkì obìnrin tó tẹ̀ lé e, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Iná Abdulrazaq, ẹlẹ́ran Sábó, ń jó lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí epo tuntun.

Kẹ́mísìrì ni Fọláránmi ń kọ́ ní yunifásítì. Ohun tí kò bá yé e kì í jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún wá lọ́jọ́ kẹta.

"Atalẹ̀ ni."

"Atalẹ̀ wà níbẹ̀."

"Oyin ńkọ́?"

"Ọ̀gbẹ́ni Sáyẹ́ǹsì, ẹ jẹ ẹran yín kó tó tutù."

Kí oṣù kan tó pé, Tiwaladé ti di "Tiwa mi". Fọláránmi ti ní àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, níbi tó ti ń wo ojú rẹ̀ kọjá àwọn nǹkan dúdú mẹ́ta tó jọ òkúta ààrò nínú iná.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Fọláránmi mú un lọ sílé wọn ní Ìrẹmọ. Ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọbẹ̀ inú ìgò tí wọ́n gbé wá jẹ adìyẹ sísun, ó tún fi jẹ kéèkì.

"Ta ló sè é?"

Fọláránmi ro èéfín Sábó. Ó ro ohun tí ìyá rẹ̀ lè sọ.

"Èmi ni, Mọ́mì. Kíláàsì kan náà lèmi àti Tiwaladé wà."

Tiwaladé wolẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dágbére, ó fi ìgò ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

"O máa bá mi sè é fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé," ni ìyá Fọláránmi wí fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fọláránmi sè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kan. Nígbà tó da ṣúgà sí i, ó di omi ṣúgà lásán. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Fọlá, ta ló sè é?"

Ojú tì í débi pé ìkòkò ló ń bá sọ̀rọ̀. "Tiwaladé ni. Sábó ló ti ń tà á, lẹ́bàá ẹlẹ́ran. Ojú ló ń tì mí láti sọ fún yín."

"Ẹ̀pà yíyan tí mo ń tà lẹ́yìn iṣẹ́ ló rán ẹ lọ sílé ìwé. Ṣé ojú èmi náà ń tì ẹ́ ni?"

Fọláránmi gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná.

"Lọ bẹ̀ ẹ́, kó o sì mú un wá. Lójú àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó o ti bẹ̀ ẹ́."

Fọláránmi kúnlẹ̀ níwájú Tiwaladé nínú eérú Sábó. Abdulrazaq dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

"Irọ́ ni mo pa fún Mọ́mì mi. Mo gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo tún fi ẹ́ pamọ́. Wọ́n ní kí n mú ẹ wá. Kì í ṣe nítorí ọbẹ̀."

"Ṣé kíláàsì yín ni mo ṣì wà?"

"Rárá. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ pè ẹ́, tó o bá gbà."

Tiwaladé nu ọwọ́.

"Dìde. Bá mi gbé ìyẹn."

Fọláránmi fi àkísà gbé ọ̀kan nínú àwọn nǹkan dúdú náà. Kò wúwo tó òkúta. Tiwaladé fi ọ̀bẹ là á: èèpo dúdú ṣí, inú rẹ̀ pọ́n bí wúrà, ooru aládùn gba ojú wọn. Ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n fi iná sun ni.

"Ojoojúmọ́ lo ń jókòó tì í," ló wí. "Sún mọ́ ibí, kí ìyàwó rẹ kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń bó o."