Ọkùnrin Tó Fi Kọ̀ǹpútà Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ń sunkún nítorí kọ̀ǹpútà tó kú.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀rọ la fi ń rán báàjì sára aṣọ ilé ìwé àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà, olórí mẹ́fà, Japan ni wọ́n ti gbé e wá. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó bá a wá ló ń sọ fún un ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gún. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà náà tú èéfín díẹ̀, ó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró dè wá ga ju tábìlì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi pe àwọn mẹ́ta tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ ní ká lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹni kejì yọ iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tó kú, ó gbé e sórí láptọ́ọ̀pù wa, àmọ́ àmì ìbéèrè àti àpótí kéékèèké ló kún ojú rẹ̀. Ẹni kẹta ni òun.

Ó wọlé pẹ̀lú báàgì kan tó ti gbó. Ó tẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù náà bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má sunkún mọ́, àǹtí. Kò bà jẹ́. Èdè wa ni kò gbọ́."

Mo ní, "Báwo ni kò ṣe gbọ́? Ọdún mẹ́rin la ti jọ ń ṣiṣẹ́."

"Japan ni wọ́n bí kọ̀ǹpútà tó kú yẹn sí. Láti ìsàlẹ̀ dókè, èdè ibẹ̀ ni gbogbo inú rẹ̀. Ohun tó ń darí abẹ́rẹ́ yín, inú èdè yẹn ló ti dàgbà. Ẹ wá gbé e sílé onílé, ṣé kò ní ṣì í sọ ni? Mo máa kọ́ ilé tiẹ̀ fún un. Mo máa fi odindi kọ̀ǹpútà kan tó gbọ́ èdè Japan sínú láptọ́ọ̀pù yìí."

"Sínú rẹ̀? Ṣé ó fẹ́ lóyún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Á lóyún, àmọ́ kò ní bí i. Inú ibẹ̀ ló máa wà, á sì máa rò pé òun nìkan ló wà láyé."

Nígbà tí oòrùn fi máa yí, fèrèsé kan ti là lójú láptọ́ọ̀pù wa, kọ̀ǹpútà mìíràn sì jí nínú rẹ̀. Àmì ìbéèrè ti lọ. Ẹ̀rọ náà gbé abẹ́rẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. Èmi ń wo ọkùnrin náà, inú mi sì ń dùn lọ́nà tí mi ò lè ṣàlàyé.

Nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè náà nínú wa, ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kọ́ mi ní bọ́tìnì. Òun náà ò gbọ́ ọ tán, ìrísí ló fi ń mọ̀ ọ́n.

"Wo èyí. Ó jọ ẹnu ọ̀nà onílẹ̀kùn méjì, àbí? 'Bẹ̀rẹ̀' ni. Èyí tó dà bí ìgbà tí wọ́n fi igi gún àpótí láyà, 'dúró' nìyẹn."

Ó sọ fún mi pé òun ní irú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mẹ́fà sílé: ti Rọ́ṣíà, ti Lárúbáwá, ti Kòríà àti àwọn mìíràn.

"Kí lo ń fi wọ́n ṣe?"

"Mi ò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Láàárọ̀, mo máa ń ṣí ọ̀kan nínú wọn, màá wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ òní níbẹ̀. Màá wá mọ̀ pé ayé tóbi."

Injinníà ni mò ń pè é. Òun ń pè mí ní Abẹ́rẹ́, torí mo tínrín, ẹnu mi sì mú. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé o fẹ́ fẹnu ko kọ̀ǹpútà lẹ́nu ni, tó o fi ń sún mọ́ ọn báyìí?" Á rẹ́rìn-ín, kò ní fèsì.

Ní oṣù kẹta tó ti ń wá, níbi tí a ti ń ká òwú, ó ní, "Abẹ́rẹ́, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn."

"O ti sọ ọ́. Ó sì dùn."

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìrìn wákàtí méjì nínú bọ́ọ̀sì. Màmá náà yí mi po, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ará ibẹ̀ ń jẹun ṣá?" Ó di abọ́ oúnjẹ mẹ́ta fún mi mú lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbà. Wọ́n fi ìgbéyàwó wa sí ìparí ọdún.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni nǹkan dà rú. Òwú já, ẹ̀rọ dúró fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ ti ọwọ́ bọ abẹ́ abẹ́rẹ́ láti yọ èyí tó lọ́.

"Injinníà, jọ̀ọ́, tẹ 'dúró' fún mi, kó má lọ gbéra."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti sún fèrèsé kọ̀ǹpútà ti inú lọ sápá òsì, kí n lè rí nǹkan mìíràn lápá ọ̀tún. Kò rí i pé ó ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnì onílẹ̀kùn méjì ló tẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún ìka ìfábẹ̀lá mi já sódì kejì.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n di ìka mi tán, ó jókòó tì mí.

"Ojú mi ń lọ," ó ní. "Ó ti tó ọdún méjì. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà. Mi ò kì í ka bọ́tìnì yẹn mọ́. Ibi tó wà ni mo há sórí."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé wàá lọ."

Ibi tó yẹ kí n ti sọ pé mi ò lọ síbì kankan nìyẹn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Fún mi láyè kí n rò ó."

Ó mi orí.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá wa kú. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ojú Injinníà fún un, ó di ọwọ́ mi tó wà nínú báńdéèjì mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi fà ọ́ fún ìyà. Ìka ni lónìí. Tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló gbé lọ́la ńkọ́?"

Mo lè fún un lésì. Mi ò fún un.

Injinníà ń pè mí lójoojúmọ́. Màá máa wo fóònù títí á fi dákẹ́. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Abẹ́rẹ́, mò ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ti kọ gbogbo bọ́tìnì sínú ìwé fún ẹ, kó o má bàa ṣì í tẹ̀."

Ọ̀dọ̀ aránṣọ tó múlé tì wá ló fi ìwé náà sí. Lójú ewé àkọ́kọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ létòlétò. Bí mo ṣe ń ṣí i lọ, lẹ́tà ń tóbi sí i, ìlà ń gun orí ara wọn. Ewé tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Mo gbé ìwé náà mọ́ àyà, mo ké bí ẹni tó ṣòfò. Síbẹ̀, ìtìjú mú mi, oṣù márùn-ún tún kọjá kí n tó wọ bọ́ọ̀sì.

Màmá ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fi ọwọ́ júwe ẹ̀yìnkùlé.

Injinníà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, láptọ́ọ̀pù lórí itan rẹ̀, tí ohùn kan ń ti inú rẹ̀ ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún un kíákíá kíákíá. Ó ń tún kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣe láti ọ̀nà jíjìn, etí nìkan ló fi ń ṣe é. Mo dúró níwájú rẹ̀.

"Ta ni?" ó béèrè.

Ọ̀rọ̀ méjì péré yẹn, ó dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ.

"Èmi ni."

Ó pa ohùn náà. "Abẹ́rẹ́. Ìka rẹ ńkọ́?"

"Ó ti jiná. Injinníà, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo wá bẹ̀ ọ́. Mo wá láti dúró."

Ó pa láptọ́ọ̀pù náà dé. "Tíṣà kan wà nílé ìwé tó wà nísàlẹ̀ yìí. A ti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ lóṣù tó kọjá."

"Ṣé o nífẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Mò ń kọ́ ìfẹ́ rẹ̀. Tìrẹ, mi ò kọ́ ọ, ńṣe ló kàn dé." Ó nu ojú rẹ̀. "Àmọ́ ìgbà tí mo ti fọ́jú tán ló mọ̀ mí. Kò sí ohun tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lára mi. Ìwọ, tó o bá dákẹ́ nígbà yẹn, ojú rẹ ni mo máa ń wò kí n lè mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ní báyìí, tó o bá dákẹ́, inú òkùnkùn ni màá wà. O sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, olólùfẹ́ mi."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú fúngbà díẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀.

Màmá sìn mí dé ibùdókọ̀. Ọ̀nà náà jìn díẹ̀.

"Lọ́kàn tèmi, ìyàwó ọmọ mi ni ọ́," ó ní. "Nígbà tó kọ́kọ́ dé, láràárọ̀ ló ń bi mí bóyá o pè. Kì í jẹun. Lọ́jọ́ kan, mo purọ́ fún un pé o pè nígbà tó ń sùn. Ó jẹun lọ́jọ́ yẹn." Ó gbá ejìká mi mú. "Nítorí náà, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má pè é mọ́. Ó ti ń jẹun."

Mo ní, "Mi ò ní pè é mọ́, mà."

Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú mi, ó sì dúró tì mí títí ọkọ̀ fi dé.