Ẹyẹ Ìyá Sìmbíátù

"Má fa àwọ̀n náà. Ẹsẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ tú," ni Ọ̀gbẹ́ni Odùkọ̀yà tíṣà wí.

Rùkáyàt rọra fi ìka méjì há ọrùn ẹyẹ náà, ó tú èékánná rẹ̀ kúrò lára òwú, ó sì gbé e lé tíṣà lọ́wọ́. Ẹyẹ kékeré ni, àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ìrù rẹ̀ kì í sì í dúró lójú kan. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ètè ọmọbìnrin náà ti bẹ́, ọwọ́ rẹ̀ funfun bíi ti ẹni tó ń ku èlùbọ́, kùrukùru sì bo ọ̀sà débi pé èèyàn kò lè rí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó. Nígbà tí mò ń wí yìí, títì ọlọ́dà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́bàá Ajah. Iyanrìn, igi àgbọn àti omi la mọ̀.

Àwọn ẹyẹ yẹn kì í ṣe ará ilé. Òtútù ló ń lé wọn wá láti òkè òkun nígbà ọyẹ́, tí òjò bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn a padà síbi tí wọ́n ti wá. Ní gbogbo ìsinmi ọdún ni Ọ̀gbẹ́ni Odùkọ̀yà, tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, máa ń wá ta àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín igi ọsàn àti sí etí oko ẹ̀gẹ́. Tó bá mú ẹyẹ, á fi òrùka páànù tín-ín-rín kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, á sì tú u sílẹ̀, kí ẹni tó bá tún rí i níbòmíràn lè mọ ibi tó dé. Nígbà tó ṣàlàyé fún Baálẹ̀, Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ àwọn alákọ̀wé mà dilẹ̀ o. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ béèrè. Wọ́n rò pé ó ń pa ẹyẹ jẹ ni.

Orúkọ olóko ni tíṣà àti Rùkáyàt fi ń pe ẹyẹ tí wọ́n bá mú. Èyí tó bá ti oko Baálẹ̀ wá, ẹyẹ Baálẹ̀ ni. Èyí tó bá ti ọgbà ọsàn Ìyá Sìmbíátù wá, ẹyẹ Ìyá Sìmbíátù ni. Láàárín àwọn méjèèjì, kò sí aburú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ilé. Bí a bá ní obìnrin kan ní ẹyẹ, tí obìnrin náà tún wá jẹ́ arúgbó tó ń dá gbé, ṣé ẹyẹ oko là ń wí?

Opó ni Ìyá Sìmbíátù. Sìmbíátù tó bí ti kú, ọkọ tó gbin ọsàn náà ti kú, igi ọsàn nìkan ló kù tó ń bá a gbé. Láràárọ̀ ló máa ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún tíṣà àti Rùkáyàt lábẹ́ igi, tí á máa bá àwọn ẹyẹ náà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n kú ìrìn.

Tíṣà ti ṣèlérí pé òun yóò bá Rùkáyàt wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì dáadáa ní Èkó. Kò sí ohun tí ọmọ náà fẹ́ láyé tó ju ìyẹn lọ. Òfin kan ṣoṣo ni tíṣà fún un: "Ẹyẹ kankan kò gbọdọ̀ bá ọ kúrò lóko. Ọjọ́ tó bá bá ọ kúrò, ọjọ́ náà ni èmi àti ìwọ pínyà."

Modúpẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní irọ́ ni, ẹyẹ wo ló ń wọ òrùka bí ìyàwó. Ọ̀rọ̀ náà dun Rùkáyàt. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, létí kànga, níbi tí èrò pọ̀ sí, ó dá a lóhùn fatafata pé, "Ẹyẹ Ìyá Sìmbíátù ti wọ òrùka. Tó bá dọ̀la, wàá fojú ara rẹ rí i."

Kùdírátù, ìyàwó Gàníyù apẹja, wà níbẹ̀ tó ń fa omi. Èéyi ń ṣe ọmọ rẹ̀ nílé.

Lọ́jọ́ kejì, bí tíṣà ṣe kọjú sí àwọ̀n tó wà lápá kejì, Rùkáyàt ki ẹyẹ olórùka kan sínú àpò aṣọ, ó fi ìró bò ó mọ́nú, ó sì forí lé ọ̀nà. Ó dé ẹ̀yìn ilé Gàníyù kó tó yẹ àpò náà wò. Ẹyẹ ti kú. Ooru àti ìfúnpọ̀ ti pa á. Ó sọ ọ́ sínú koríko, ó sì sá lọ. Ó sọ fún Modúpẹ́ pé ó fò lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tíṣà wọkọ̀ lọ sí Èkó láti lọ kí ẹbí rẹ̀, ó ní kí Rùkáyàt máa bójú tó àwọ̀n.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ Gàníyù kú.

Nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀ ilé fún àwọn tó ń bọ̀ wá kí wọn, wọ́n rí ẹyẹ lẹ́yìnkùlé, òrùka ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kùdírátù wò ó, ó bú sẹ́kún. Ó ní etí òun méjèèjì ló gbọ́ ọ létí kànga, pé ẹyẹ Ìyá Sìmbíátù ti wọ òrùka. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé ti ń wí pé ẹyẹ arúgbó náà ló pa ọmọ.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa Baálẹ̀, kò kánjú. Láàárọ̀ ó pe gbogbo èèyàn jọ síwájú mọ́sálásí, ó sì pe Rùkáyàt síta. "Ìwọ lò ń bá tíṣà ṣiṣẹ́," ló wí. "Ó sọ fún mi pé òun ń fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, pé oko lòun sì ń tú wọn sí. Ṣé ẹyẹ yín ni èyí? Ta ló gbé e dé ibí?"

Ìyá Sìmbíátù jókòó sórí iyanrìn, ó ń wo ọmọ náà tìfẹ́tìfẹ́. "Rùkáyàt, ọmọ mi, sọ fún wọn," ló wí.

Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun Rùkáyàt. Ló bá rántí òfin tíṣà, ó rántí ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Èkó. Ó wolẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá," ló fèsì. "Ẹyẹ tiwa kì í kúrò lóko."

Àbùṣe bùṣe. Bí kò bá ti jẹ́ ti tíṣà, ti ta ni? Wọ́n ní kí arúgbó náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Bó ṣe ń di ẹrù lọ́wọ́ ni Gàníyù, tí ìbànújẹ́ ti sọ di nǹkan mìíràn, ṣáná sí koríko ọgbà náà. Iná àti ọyẹ́, ẹ sáà mọ̀ ọ́n. Ọsàn ń bẹ́ lórí igi, àwọ̀n tíṣà jóná, ẹyẹ tó wà nínú rẹ̀ jóná. Ìyá Sìmbíátù sáré wọnú èéfín lọ ń fi ewé pa iná títí àwọn kan fi fà á jáde. Ó wá gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó, ó ń wúkọ́ lọ lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò bá a gbé e.

Oúnjẹ kò lọ lọ́fun Rùkáyàt mọ́. Nígbà tó yá, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Baálẹ̀ kò nà án, kò sì bú u. Ó kàn bojú, ó ní kí wọ́n mú un lọ sí Ṣàngótẹ̀dó lọ tọrọ àforíjì.

Orí ẹní ni wọ́n bá Ìyá Sìmbíátù. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má bàa kọjá lójúde rẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Rùkáyàt tán.

"Mo ti dárí jì ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìròyìn ẹyẹ náà ló kọ́kọ́ dé ibí. Ta ni yóò máa tẹ̀ lé e kiri, tí yóò máa sọ pé irọ́ ni?"

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó kú.

Tíṣà padà dé, ó dúró láàárín eérú. Rùkáyàt ní, "Sà, ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ ó lé mi."  Tíṣà ní ká ní ó sọ fún òun pé ẹyẹ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ì bá bá a wí, òun ì bá sì tún mú un lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè wo ojú arúgbó kó purọ́, òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ kọ́ ọ. Ó kó ìwọ̀nba àwọ̀n tó kù jọ, kò sì padà wá mọ́.

Àwọn ẹyẹ padà wá ní tiwọn. Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, Rùkáyàt rí ọ̀kan lórí kùkùté ọsàn tó jóná, òrùka wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń mi ìrù, ó ń wá igi tó fi sílẹ̀. Modúpẹ́ bi í pé ẹyẹ ta nìyẹn. Ó yíjú kúrò, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa béèrè ohun tí irọ́ ti bàjẹ́ kí òtítọ́ tó bá a. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín ni kí ẹ sọ ọ́, bó bá tilẹ̀ máa gba ohun tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́ yín. Òtítọ́ Rùkáyàt dé lóòótọ́. Eérú ló bá nílé.