Hafeezat Ní Iná Ló Jó Káàdì

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, nínú ilé tèmi gan-an, ní Tudun Wada, ní Zaria níbí.

Ọmọ ọmọ mi méjì ló ń bá mi gbé. Sàlíhù lẹ̀gbọ́n, ó ti jáde yunifásítì, ó ń wáṣẹ́. Hafeezat làbúrò, ọdún yìí ló máa ṣe wáèkì. Sàlíhù ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti gbó. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ Umar, tó ń gbé Kánò, ló bá a gbé nǹkan tí wọ́n ń pè ní Línúsì sínú ẹ̀ kó lè máa yá. Sàlíhù fúnra ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, iléeṣẹ́ kan ní Kàdúná fẹ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn ìrun Àìlá. Tó bá yege, iṣẹ́ dé nìyẹn. Wọ́n ní fóònù ò ṣe é, àfi kọ̀ǹpútà tó fi forúkọ sílẹ̀. Ó wá sáré lọ gba ẹ̀wù lọ́wọ́ télọ̀ ní Dogarawa.

"Hafeezat, má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi o."

"Toh, Yaya." Bó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyẹn.

Èmi náà ti jáde. Bí ilé ṣe dá báyìí ni Ramlah, ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọlé, ló bá ní kí wọ́n wo fíìmù. Hafeezat ṣí kọ̀ǹpútà. Níbi tó ti ń wá bọ́tìnì tó máa fi gbé ohùn sókè, ó tẹ òmíràn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

"Yéè! Ramlah, mo gbé!"

"Kai, fara balẹ̀ jàre. Ṣebí ìwọ lo fẹ́ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì?"

Ramlah wá ọ̀nà àtúnṣe lórí fóònù, ó rí àṣẹ kan tẹ́nì kan kọ síbẹ̀ pé kéèyàn tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ ẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Hafeezat tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un tàn. Háà, àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ò sí níbẹ̀ mọ́!

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí: káàdì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Àṣẹ tí wọ́n tẹ̀ yẹn ló ní kí kọ̀ǹpútà má dá káàdì ọ̀hún lóhùn mọ́.

Ramlah gbé híjáàbù ẹ̀. "Sọ pé NẸ́PÀ ni. Iná lọ, ó tún dé pẹ̀lú agbára, ó jó o. Ta ló máa bá ẹ jiyàn ní Zaria yìí?" Ó bá tiẹ̀ lọ.

Èmi àti Sàlíhù jọ wọlé ni. Ó tan kọ̀ǹpútà, kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ojú ẹ̀ yí padà.

"Yaya, iná ni," ni Hafeezat wí. "NẸ́PÀ gbé iná ńlá wá."

A gbà á gbọ́. Èmi gan-an bú NẸ́PÀ títí ẹnu fi ro mí. Sàlíhù pe Umar, gbogbo wa ń gbọ́.

Umar ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan sí i?"

Sàlíhù yíjú. "Hafeezat, o fọwọ́ kàn án?"

"Walahi, n ò fọwọ́ kàn án."

Umar ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, káàdì ti jó nìyẹn, kó lọ ra òmíràn. Sàlíhù já bọ́ síta, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọjà Sabon Gari.

Ni wọ́n bá pe ìrun Àìlá. Hafeezat lọ ṣe àlùwàlá. Mo ń wò ó: ó fọ ẹsẹ̀, tó yẹ kó kẹ́yìn, kó tó fọ ojú. Ọmọ tó ti ń kírun láti kékeré! Mo ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́?" Kẹ́tùlù jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá Àgbà, mo ti fi Ọlọ́run búra èké. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Mo ní kó pe Umar kíá.

"Bọ̀ọ̀dá Umar, don Allah, ẹ má bínú. Mo tẹ nǹkan sí i."

Umar ní, "Haba, Hafeezat! Kí lo tẹ̀? Kà á sí mi létí."

Ó kà á. Umar ní kó kọ́kọ́ bi kọ̀ǹpútà bóyá ó ṣì rí káàdì. Orúkọ káàdì jáde gbàgàdà! Kò jó rárá. Umar ní kó pa ìlà tó kọ yẹn rẹ́, kó pa ẹ̀rọ, kó tún un tàn. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ọmọ di ọwọ́ mi mú. Ó tàn, àmì ti padà, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tíì wọlé.

"Wo bọ́tìnì tó ní àwòrán ọkọ̀ òfúrufú," ni Umar wí. "Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan."

Àṣé bọ́tìnì tó ṣì tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé! Gbogbo ẹ̀ ò ju àkókò téèyàn fi ń mu igbá fúrá kan.

A pe Sàlíhù, inú ọjà ló wà. Kó tó dé, òógùn ti bo ẹ̀wù tuntun. Ó jókòó, ó ṣí ibi ìdánwò náà. Àkókò ti kọjá, wọ́n ti tì í pa. Ó kà á, ó tún un kà. Hafeezat ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ tán.

"Kí ló dé tó ò sọ nígbà tí Umar béèrè?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Yaya."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Hafeezat."

Kò nà án. Ó kàn bọ́ ẹ̀wù, ó fi kọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí Hafeezat bá ní oúnjẹ ti jinná, Sàlíhù á dìde lọ ṣí ìkòkò wò fúnra ẹ̀. Ìyẹn ń dun ọmọ náà ju pàṣán lọ.

Wọ́n ní tírọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Òótọ́ bá tiwa, àmọ́ iṣẹ́ ti lọ kó tó dé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tẹ ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ sínú ohun tí kì í ṣe tiyín. Tẹ́ ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, ẹ tètè sọ, bó ti wù kí ẹ̀rù bà yín tó. Aláìsàn tó purọ́ fún dókítà, oògùn àrùn míì ni wọ́n á fún un.

Ó dájú pé irú ẹ̀ ti ṣe ẹ̀yin náà rí. Ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí mi. Hafeezat ló máa kà á fún mi, á dáa kó gbọ́ tàwọn ẹlòmíì.