Orúkọ Tí Wọ́n Fi Omi Sọ Abórìṣàdé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, lọ́dún tí wọ́n ń la ojú irin kọjá ní Òṣòdì, Abórìṣàdé ahunṣọ bọ́ sínú odò ní Ìsọlọ̀ láti ṣe ìrìbọmi. Níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹrù síwájú ilé iṣẹ́ lónìí, igbó ni nígbà náà, àfi ọ̀nà tóóró tí àwọn tó ń ru epo ń gbà lọ sí Èkó. Aṣọ òfì funfun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ni ó ró mọ́dìí. Tíṣà Edwin, ọmọ Ẹ̀gbá tí ìjọ rán wá láti Abẹ́òkúta, dúró nínú omi tòun ti kóòtù dúdú rẹ̀.

"Orúkọ rẹ ní òrìṣà nínú," ni tíṣà wí. "Jẹ́ kí odò gbé e lọ. Láti òní lọ, Alfred ni ọ́."

Abórìṣàdé nu omi lójú. "Ẹ ṣeun, sà. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Orúkọ ọba onígbàgbọ́ kan nílẹ̀ òyìnbó ni."

"Mo gbọ́, sà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo bèèrè."

Tíṣà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Abórìṣàdé rí i bó ṣe yí ojú kúrò, ara sì fu ú.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Àfúrẹ́dì kẹ̀? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò? Ìwọ bá òrìṣà dé sáyé. Ta ni Àfúrẹ́dì bá dé?"

Abórìṣàdé jókòó sídìí òfì rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣiyèméjì nípa Ọlọ́run. Tọkàntọkàn ló gba Jésù gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é ní Alfred, á kọ́kọ́ dákẹ́ ná, bí ẹni tó gbọ́ ìpè nínú igbó tí kò rí ẹni tó ń pè é.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìrìbọmi náà, Àjíbíkẹ́ aya rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Tíṣà wá kí ìyá ìkókó, ó ní òun ti kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìjọ: Alfred kékeré. Ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìrìbọmi.

Bí tíṣà ti jáde, Àjíbíkẹ́ gbé ọmọ mọ́ra. "Ẹ̀wù tí ẹ ò mọ ẹni tó rán an, ṣé ẹ fẹ́ fi wọ ọmọ mi ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ rẹ̀ mú ọ̀nà Òṣòdì pọ̀n. Lábẹ́ àgọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó bá Albert, ọmọ Sàró tí í kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ará ìlú ní kò sí ìwé tí kì í kà. Abórìṣàdé ṣí fìlà, ó sọ ohun tó gbé e wá. Albert ṣí ìwé ìtumọ̀ orúkọ kan tí ikán ti jẹ lẹ́yìn.

"Èdè àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀. Ìkejì ni ìmọ̀ràn."

"Àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Albert rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Abórìṣàdé, ó pa ẹ̀rín náà mọ́. "Iwin ni. Ẹni tí iwin ń gbà nímọ̀ràn."

Ara tún fu Abórìṣàdé. Àwọn ọmọ Sàró fẹ́ràn láti máa fi ará oko ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní kí Albert fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà, kí ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá yóò yí padà. Kò yí padà.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ìjọ kún fọ́fọ́. Tíṣà na ọwọ́ láti gba ọmọ. "Ẹ dárúkọ ọmọ yìí."

"Ọlọ́runyọmí," ni Abórìṣàdé wí.

"Alfred ló wà nínú ìwé."

"Sà, ẹni tí iwin ń gbà nímọ̀ràn ni wọ́n ń pè ní Alfred. Mo ti wádìí lọ́wọ́ akọ̀wé ojú irin. Ẹ bọ́ òrìṣà kúrò lọ́rùn mi, ẹ fi iwin rọ́pò rẹ̀."

Àwọn obìnrin fa ọmọ wọn mọ́ra. Òógùn bo iwájú orí tíṣà. "Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọba náà fi orúkọ yẹn sin Ọlọ́run dójú ikú."

"Bí ọba wọn bá lè fi orúkọ iwin sin Ọlọ́run, kí ló dé tí èmi ò lè fi orúkọ òrìṣà sìn ín?"

Tíṣà pa ìwé dé.

Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, wọ́n ti fa igi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin tẹ́lẹ̀ ń sọ pé iwin ló ń gbà á nímọ̀ràn lóòótọ́. Ó kó ìyá, aya àti ọmọ lọ sí Òṣòdì, ó ń hunṣọ, ó sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin gbàdúrà lábẹ́ ahéré. Láwọn ọdún náà, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, wọ́n ń gbé ti baba wọn wọ̀, ìwé ìròyìn sì ń gbé e jáde. Kò sí ìwé ìròyìn tó gbọ́ ti ahunṣọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọdún kan ti kọjá, ó rí kóòtù dúdú tó ń bọ̀. Kò dìde nídìí òfì. Kí ni wọ́n tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun?

"Ẹ kú iṣẹ́," ni tíṣà wí.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Tíṣà fi ọwọ́ kan òwú lórí òfì. "Akọ̀wé ojú irin yẹn, ṣé ó ṣì wà níbí?"

"Ó ti bá ojú irin lọ sókè. Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

Tíṣà bojú wẹ̀yìn. "Edwin," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀."

Abórìṣàdé wò ó, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó sún fún un lórí àpótí. "Ẹ jókòó, sà. Kí ni bàbá yín sọ yín?"

Tíṣà la ẹnu. Ó pẹ́ kí ó tó rántí.