Àṣìṣe Kan Lójoojúmọ́

Báwo ni ẹni tí kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe ń gbọ́ àṣìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì? Tísà bi Àkànkẹ́, ó ní òun náà kò mọ̀. Ìyàwó pásítọ̀ bi í, ẹ̀rín ló fi dáhùn. Títí irun orí rẹ̀ fi funfun bí òwú, ìbéèrè náà ṣì wà níbi tó wà.

Ọjọ́ Ajé kan ló bẹ̀rẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọdún kejì lẹ́yìn tí àrùn lúkúlúkú, ọ̀fìnkìn tó ń pani, kó ènìyàn lọ bí ẹni ń kó àgbàdo lóko. Oòrùn kò tíì ga nígbà tí iṣẹ́ dé láti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ pé kí Àkànkẹ́, ìyá Àjíkẹ́, wá rí Tísà Gabriel kíákíá.

Igbá ni Àkànkẹ́ ń fín lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i, nílé àwọn onígbá fínfín. Bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin, ló bá fi ọ̀bẹ lé ọmọbìnrin lọ́wọ́ kí ọnà má baà parun. Igbá ilé wọn ni àwọn ayaba fi ń bu omi fún àlejò láàfin, àlejò a sì gbàgbé òùngbẹ, a máa wo igbá.

Ògúndáre, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wà nídìí òfì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń hun aṣọ. Kò dá ọwọ́ dúró, kò gbé ojú sókè.

"Ìyàwó, ṣé ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí iṣẹ́ ọmọ yìí dín kọ́ nìyí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ó dáa. Orí ẹní àìsàn tó pa á ni Àlàmú àbúrò mi wà tó ní kí n jẹ́ kí ọmọ òun kàwé, n kò sì yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ilé-ìwé bá dá Àjíkẹ́ padà sẹ́yìn, lọ́jọ́ kejì ni yóò gbé àtẹ lọ sí Ọjà Igbó. Ọmọ tí ìwé bá kọ̀, àtẹ kì í kọ̀ ọ́."

Àkànkẹ́ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ró kíjìpá aláró rẹ̀, ó gba ọ̀já, ó jáde. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Igbó, àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò ju Àjíkẹ́ lọ ń kiri iyọ̀ àti ẹ̀kọ. Ó gbójú kúrò lára wọn.

Tísà Gabriel Akínpẹ̀lú kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Ẹ̀wù rẹ̀ funfun, sítáàṣì rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ń sọ pé ó lè dá dúró láìsí Tísà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó pe gbogbo òbí kíláàsì kẹrin jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní kí ọmọ wẹ̀, kó gé èékánná, kó dé kí agogo tó lù. Ó ní lójoojúmọ́, kí ẹnì kan nínú ilé jókòó ti ọmọ nídìí iṣẹ́ àmúrelé, kó rí i pé iṣẹ́ pé, kó sì fi àmì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "N kò ní kẹ́ ẹ mọ̀wé," ó wí. "Ojú yín nìkan ni mo tọrọ." Ó wá kìlọ̀ pé ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dín lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò padà sí kíláàsì kẹta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà. Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ," ni Àkànkẹ́ kí i bó ṣe wọlé.

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá Àjíkẹ́. Ẹ jókòó." Ó gbé síléètì kan lé orí tábìlì. "Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá ni mo fún wọn. Mẹ́fà ló wà níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, méje. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, mẹ́jọ. Mo bi ọmọ, kò lanu."

Àjíkẹ́, ọmọ ọdún méjìlá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bá a wí," ni Àkànkẹ́ dáhùn. "Èmi ni mo ní kó nu ìyókù."

"Ẹ̀yin? Nítorí kí ni?"

"Wọ́n kùnà ni."

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n kùnà?"

"Ohùn rẹ̀ ni. Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń pè é sókè. Tó bá dé ibi tí kò dá a lójú, ohùn rẹ̀ a yọ̀, bí ọ̀bẹ ṣe ń yọ̀ lára igbá. Nílé bàbá mi, bí ọ̀bẹ bá yọ̀, a ó ha ojú ibẹ̀, a ó fi yanrìn bó o títí yóò fi dán. Oníbàárà kì í rí àṣìṣe ilé wa. Ṣé kí n wá di ẹ̀gbin ọmọ mi, kí n gbé e wá bá yín ni?"

Tísà nu síléètì náà. Ó pe Àjíkẹ́, ó ní kó jókòó, kó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin bó ṣe ń kọ wọ́n nílé. Àkànkẹ́ kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí ọmọ dé orí ọ̀rọ̀ kejì, ìyá ká ọwọ́ sókè. Ó tún ká a ní ẹ̀kẹrin. Tísà wo síléètì: èkejì kùnà, ẹ̀kẹrin kùnà, méjì tó kù mọ́ gaara.

Ó ṣí fìlà. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"N kò mọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

"Ẹ gbọ́ o, ìyá wa. Èmi kì í ṣe oníbàárà. Oníṣọ̀nà bíi tiyín ni mí, àṣìṣe ọmọ ni mo sì ń wá kiri, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Bẹ́ ẹ bá ti nù ún nílé, kí ló kù tí n ó kọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ kàn fi àmì yín tì í."

Ẹnu ya Àkànkẹ́. Kí ènìyàn rí àléébù, kó má bò ó?

"Ṣé wọn kò ní dá a padà?"

"Orúkọ rẹ̀ ti dé ọwọ́ ọ̀gá. N ó bẹ̀ ẹ́ títí di ìdánwò tí àwọn ilé-ìwé ìjọ máa ń lọ ṣe ní Ọ̀yọ́. Tó bá yege, ọ̀rọ̀ tán. Tí kò bá yege, apá mi kò ní ká a mọ́."

Látọjọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀, ìyá á gbé igbá sórí itan, ọmọ á gbé síléètì sórí tirẹ̀. Bí Àjíkẹ́ bá ti kọsẹ̀, ọ̀bẹ á dúró. "Mo mú ọ!" Àkànkẹ́ á sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tí ilé kò gbọ́ látìgbà tí Àlàmú ti kú. Á fi ẹfun ya ìràwọ̀ kékeré, àmì ilé bàbá rẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Ilé yìí ti di kọ́ọ̀tù," ni Ògúndáre ń wí nídìí òfì. "Wọn kò lè ṣe kí wọ́n má mú ẹnì kan lójúmọ́."

Àṣìṣe mẹ́rin di mẹ́ta, mẹ́ta di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn kọ̀, kò lọ. Ìràwọ̀ kan lánàá, ìràwọ̀ kan lónìí. Ní ìdákọ́ńkọ́, Àkànkẹ́ ń bi ara rẹ̀: bí ọ̀kan yìí bá lọ di méjì lọ́wọ́ àlejò ńkọ́?

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn dé Ọ̀yọ́, Tísà ṣáájú, àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, àwọn ìyá ru oúnjẹ. Wọ́n kọjá níwájú ààfin, níbi tí kọ̀bì, àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yọ síta, ti tò lọ rẹrẹ, tí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, sì ń wọlé tí wọ́n ń jáde pẹ̀lú orí tí wọ́n fá ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àjíkẹ́ la ẹnu sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Nílé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Àkànkẹ́ kò fojú ba oorun lóru náà.

Ní ọjọ́ ìdánwò, òyìnbó alábẹ̀wò ti ilẹ̀kùn. Àkànkẹ́ jókòó sábẹ́ fèrèsé, ó dẹ etí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún un pé nínú ìdánwò, ẹnikẹ́ni kì í pe ọ̀rọ̀ síta. Ohùn tí ó gbójú lé kò sí. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀ jáde, kò rí igbá fín, ó fi ń ha ilẹ̀.

Nígbà tí Tísà Gabriel jáde, ó ń sáré. Ẹnikẹ́ni kò rí i kó sáré rí.

"Ìyá Àjíkẹ́! Kò ṣi ẹyọ kan! Àní, ẹyọ kan kò sí!"

Àkànkẹ́ kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Ìgbà tó yá ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó: àṣìṣe ojoojúmọ́ yẹn dà?

Nígbà tí ìròyìn dé etí Ògúndáre, ó wọ yàrá, ó gbé àtẹ tuntun kan jáde, èyí tó ti rà pa mọ́. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀ síwájú Àjíkẹ́. "Gbà, fi ṣe tábìlì."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá. Àjíkẹ́ ti di tísà tí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀, Àkànkẹ́ ni arúgbó àkọ́kọ́ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀, ó sì ń pè é sókè bó ṣe ń kọ ọ́.

"Mo mú yín, Ìyá!" ni Àjíkẹ́ ké.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àjíkẹ́ wá jókòó tì í.

"Ìyá, mo ní nǹkan kan láti jẹ́wọ́. Àṣìṣe kan ojoojúmọ́ yẹn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í, tí mo sì ń jẹ́ kí ohùn mi yọ̀. Látìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹ kì í rẹ́rìn-ín, àfi tẹ́ ẹ bá mú mi."