Ojú Ọta Lára Ògiri

Orí àkàsọ̀ ni Afínjú wà lọ́jọ́ tí obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ fojú kàn án. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin àbúrò aránṣọ náà ọkùnrin ni, ó wá kó dígí àti abẹ tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ náà ti ń gẹrun. Ó bá Afínjú, tó jẹ́ bíríkìlà, tó ń kun iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́dà, tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti dókítà lọ. Ó bi í pé ta ló rán an. Ọkùnrin náà ní káńsù ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu àga, ó ní kó jókòó.

Aránṣọ náà kò sunkún. Kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀ ọmọ náà fún un. Ó kàn ń wo ọ̀dà bó ṣe ń gbẹ.

Ìjọba ti sọ lórí rédíò pé sílíńdà gáàsì ló bú ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, pé kò sí ẹgbẹ́ jàǹdùkú kankan nílùú, kí oníkálùkù fọkàn balẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ìró náà ní àwọn ti sùn, lọ́sàn-án gangan. Agẹrun kú, oníbàárà méjì kú pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ẹ̀bi sì di ti òkú tí kò lè fọhùn. Aládùúgbò wọn tí ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn tó kú kò kí ìyá aránṣọ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ẹ̀rọ omi, á kẹ̀yìn sí i.

Afínjú bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ aránṣọ. Ó kọ́kọ́ ń gbé ṣòkòtò tó ya wá. Nígbà tó yá, ó ń gbé èyí tí kò ya wá. Aránṣọ bi í bóyá ó ń fi ọ̀bẹ ya wọ́n nílé ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Adúmáadán ló ń pè é. Ó tún òrùlé tó ń jò ṣe fún ìyá aránṣọ, ó ń jẹun nílé wọn bí ọmọ. Aránṣọ mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé.

Nígbà tí ẹbí Afínjú wá tọrọ aránṣọ, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkùnrin náà, obìnrin tẹ́nu rẹ̀ mú, gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun kò kórìíra ọmọ yìí, àmọ́ àwọn kò lè fẹ́yàwó nílé tí àìbìkítà wọn ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá aránṣọ sorí kọ́.

“Ẹ má bínú, ìyá mi,” Afínjú sọ fún ìyá aránṣọ jẹ́ẹ́. “Kì í ṣe gáàsì. Ìbọn àwọn jàǹdùkú ni. Èmi ni káńsù ní kí n fi sìmẹ́ńtì dí ojú ọta, kí n sì kun ún. Wọ́n ní bí mo bá lanu, ọrùn ara mi ni mo kì bọ okùn.”

Ìyá aránṣọ bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní kí òun tó fẹnu kan oúnjẹ wọn rárá.

Aránṣọ retí pé inú yóò bí òun. Inú kò bí i. Ẹ̀yìn aládùúgbò wọn lẹ́nu ẹ̀rọ omi nìkan ló ń rí lọ́kàn rẹ̀.

“Lọ gbé àkàsọ̀ rẹ wá,” ó ní.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Afínjú ń bẹ̀ wọ́n pé èèyàn kì í bá ìjọba jà, àmọ́ Afínjú àti aránṣọ ti dé títì. Lójú gbogbo èèyàn, Afínjú fi òòlù lu ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Sìmẹ́ńtì ń já bọ́, ojú ọta ń yọ. Àwọn kan ga dé abẹ́ òrùlé, èyí tó pọ̀ jù wà ní ìwọ̀n orí ẹni tó jókòó gẹrun.

Aládùúgbò wọn jáde. Ó ti ìka bọ ojú ihò kan, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá aránṣọ.

“Ẹ kú àráfẹ́rakù,” ó ní.

Ọkọ̀ káńsù ti dúró ní ìkòríta. Afínjú rí i láti orí àkàsọ̀, ó sì dá òòlù dúró.

“Adúmáadán, ṣé o ṣì máa fẹ́ mi?”

Aránṣọ kò mọ̀. Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún un láyà, ó sì ń dùn ún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ náà mú.

“Máa gbẹ́ ẹ lọ,” ó ní.