Bàtà Tí Mo-ti-mọ̀ Ò Yí Wò

Ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì lórí ilẹ̀ lásán, ni nọ́ọ̀sì kan fi tiro wọ ṣọ́ọ̀bù aránbàtà. Aránbàtà gba bàtà tó já lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹ̀ rẹ̀.

"Ọwọ́ òsì lẹ fi ń gbẹ́rù. Ẹ kì í jókòó níbi iṣẹ́. Ẹ sì máa ń pẹ́ jí, eré lẹ máa ń sá lọ."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo méfò ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó jókòó sórí àpótí láìgbàṣẹ.

Méfò-méfò yìí ló sọ aránbàtà ní Mo-ti-mọ̀ ládùúgbò. Kò ṣì í rí. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti fẹ́ nọ́ọ̀sì yìí tán nínú ọkàn rẹ̀, ẹnu ló kù.

Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe gbé bàtà ọkùnrin dé, dúdú, ńlá. "Bá mi fi pọ́líìṣì kùn ún. Bàtà ìgbéyàwó ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí aránbàtà béèrè ẹni tó ni ín.

Mo-ti-mọ̀ ò béèrè. Ó ti mọ̀. Ó kun òkè bàtà, ó nà án sí i láìwojú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta léraléra ni nọ́ọ̀sì ń gbé e wá, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì ò wá mọ́.

Ọdún méje kọjá kó tó tún yọjú, tòun ti bàtà náà nínú ọ̀rá.

"Mo-ti-mọ̀, o ṣì wà láyé."

"Ẹ̀mí wà. Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ọkọ wo?"

Bàtà bọ́ nínú ọ̀rá, ó dojú délẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Aránbàtà wò ó, wò ó.

"Ẹnikẹ́ni ò fi eléyìí rìn rí."

"Bàbá mi ló rà á de ìgbéyàwó mi, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Lóṣù tí mo gbé e wá kẹ́yìn gan-an ni àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń ròyìn ẹ fún wọn. Wọ́n retí ẹ títí. Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún. Mi ò yí i wò."

"Ìwọ tó ń yí bàtà gbogbo ayé wò."

"Ẹ̀rù ohun tí màá rí ló bà mí."

Nọ́ọ̀sì nu ojú. "Ó dáa, méfò. Ṣé mo ti lọ́kọ?"

"Mi ò méfò mọ́. Mò ń béèrè ni. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Wọ bàtà yẹn ná."

Ó wọ̀ ọ́. "Ó tóbi jù."

"Bàbá náà tóbi. Ki akísà bọ̀ ọ́, olólùfẹ́."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, aránbàtà wọ bàtà náà, ó rìn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn rìn. Nígbà tó délé, ó yí bàtà náà wò. Erùpẹ̀ ti kàn án.